Rédíétọ̀ Lẹ́yìn Ọkọ̀: Èrè Rẹ̀ àti Ohun Tó Ń Gbà

Láàárín àwọn tí ń tún mọ́tò ṣe kí ó lè sáré sí i, ìmọ̀ràn kan wà tó máa ń wọni létí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: yọ rédíétọ̀ kúrò níwájú, gbé e sínú búùtù, kí imú ọkọ̀ lè fúyẹ́, kí táyà ẹ̀yìn sì rí ẹrù tí yóò fi dì mọ́ ilẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ìje tó lórúkọ ti ṣe é, àwòrán wọn sì wà káàkiri: páìpù alumíníọ̀mù tó ń dán gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, fáànù méjì ń fẹ́ lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Ojú ẹni tó bá rí i lè tètè wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, bí a bá kó ẹ̀rí jọ láti ìgbà tí mọ́tò ti dáyé, ohun kan náà ni wọ́n ń tọ́ka sí: ibi tí irin rédíétọ̀ jókòó sí kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ gbà wọlé bá a àti ọ̀nà tó gbà jáde ni. Ẹni tó tẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ kí ó tó gbé rédíétọ̀ ti jèrè rí. Ẹni tó gbé irin nìkan, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ló ń sè. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó sì ti gbé rédíétọ̀ sẹ́yìn tí wọ́n tún gbé e padà wá síwájú pọ̀ ju bí àwọn olólùfẹ́ eré ìje ti máa ń sọ lọ.

Kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí rédíétọ̀ ń ṣe. Nínú gbogbo agbára tó wà nínú epo bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnì ń jó, ó ṣòro kí ìdá kan nínú mẹ́ta dé ibi tí yóò ti yí táyà. Ìdá kan ń bá èéfín jáde ní sáléńsà, ìdá tó kù ni omi ń gbé lọ sí rédíétọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé bí ọkọ̀ bá ń lo agbára ẹṣin 100 lójú ọ̀nà, ooru tí rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ tú dànù lè sún mọ́ iye kan náà. Afẹ́fẹ́ nìkan ló lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe títóbi rédíétọ̀ ló ń mú ooru lọ, bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tó tutù ju omi lọ tó ń gba àárín rẹ̀ kọjá láìdáwọ́dúró. Bí ìyàtọ̀ láàárín ooru omi àti ti afẹ́fẹ́ bá sì ti ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń dínkù. Omi tó gbóná dé dígírì 95 lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ London wà ní dígírì 15 ní ìyàtọ̀ 80. Omi kan náà ní Ìbàdàn lọ́sàn-án tí oòrùn mú dé dígírì 35 ní ìyàtọ̀ 60 péré. A kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, rédíétọ̀ náà ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí àpẹẹrẹ tó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òtútù, kí ó fi èyí sọ́kàn kí ó tó gé irin.

Àwọn olùṣe mọ́tò kò ṣèèṣì fi rédíétọ̀ síwájú. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, afẹ́fẹ́ tó pàdé imú rẹ̀ kò tètè rí ọ̀nà yà, ó ń kó jọ síbẹ̀, ó ń fún mọ́ra, ó sì ń wá ihò tí yóò bá sá lọ. Bí rédíétọ̀ bá ti wà lójú ihò yẹn, afẹ́fẹ́ yóò ti ara rẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá láìná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ti sáré gba orí àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti ń já kúrò lára rẹ̀, tó ń yí po, tó sì fẹ́lẹ́ ju ti àyíká lọ. Ìdí nìyí tí eruku fi ń rọ́ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì akérò. Ihò tí a bá lu sí ìdí ọkọ̀ kì í fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Ibi ìjáde ni, ó sì dára gan-an fún ìjáde. Nítorí náà, rédíétọ̀ tó bá wà nínú búùtù gbọ́dọ̀ ní ẹnu níbòmíràn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, lójú fèrèsé ẹ̀yìn, lórí òrùlé, níbikíbi tí afẹ́fẹ́ ṣì fún mọ́ra díẹ̀, kí a sì fi pákó tàbí irin pẹlẹbẹ dá ọ̀nà fún un láti ẹnu náà dé ojú rédíétọ̀ láìjẹ́ kí ó rí àlàfo yọ́ gbà. Ibẹ̀ ni owó àti làálàá ń lọ. Páìpù omi tó ń dán nínú àwòrán ni ohun tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Louis Renault kì í fi rédíétọ̀ sí imú mọ́tò rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì ló ń fi í sí, síwájú awakọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ọkọ̀ tí Ferenc Szisz fi gba ipò kìíní nínú Grand Prix ilẹ̀ Faransé ní Le Mans ní 1906, ìje tó gba ọjọ́ méjì. Àwọn Renault ìgbà náà kò nílò pọ́ǹpù omi: omi gbígbóná ń gòkè fúnra rẹ̀, èyí tó ti tutù ń sọ̀kalẹ̀, rédíétọ̀ tó ga tó sì sún mọ́ ẹ́ńjìnì ló sì bá irú ìlànà yẹn mu. Wọ́n dúró lórí ìlànà yìí títí àwọn ọdún 1920 sí 1929 fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí àwọn náà tó gbé e síwájú bíi ti àwọn yòókù. Ní 1923, Benz gbé ọkọ̀ ìje kan tí orí rẹ̀ tóbi tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín lọ sí Monza. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀, rédíétọ̀ rẹ̀ sì yọ sórí ara ọkọ̀ níbẹ̀, kedere sínú afẹ́fẹ́. Ara ọkọ̀ tí wọ́n fara balẹ̀ gbẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè yọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n tún wá gbé irin olójú-wẹ́wẹ́ lé e lórí. Nígbà tí Ferdinand Porsche ya ọkọ̀ ìje Auto Union ti 1934, òun náà fi ẹ́ńjìnì sẹ́yìn awakọ̀, ṣùgbọ́n ó dá rédíétọ̀ padà sí imú, ó sì jẹ́ kí àwọn irin róbótó tó gbé ọkọ̀ dúró máa gbé omi lọ gbé e bọ̀. Irin náà ń jò, wọ́n sì ní láti fi páìpù ọ̀tọ̀ rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò tìtorí jíjò gbé rédíétọ̀ lọ bá ẹ́ńjìnì. Ọgbọ́n wọn ni pé kí omi rin ọ̀nà jíjìn sàn ju kí afẹ́fẹ́ má rí ọ̀nà lọ.

Àwọn ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ń rà fún lílọ síbi iṣẹ́ tún sọ ọ̀rọ̀ náà ketekete. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn gbòde, àwọn kan sì rò pé bí ẹ́ńjìnì bá ti wà lẹ́yìn, kí rédíétọ̀ náà wà níbẹ̀, kí páìpù kúrú. Hillman Imp, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Linwood ní Scotland ní 1963, ní ẹ́ńjìnì alumíníọ̀mù tó fúyẹ́ tó sì dára, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì nínú kòtò ẹ̀yìn yẹn, orúkọ tó sì fi sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì ni ti ọkọ̀ tó ń gbóná tó sì ń jó tọ́ọ̀pù-gásíkẹ́ẹ̀tì. Škoda ti ilẹ̀ Czech ṣe bákan náà pẹ̀lú 1000 MB ti 1964. Nígbà tí wọ́n mú 105 àti 120 jáde ní 1976, ẹ́ńjìnì ṣì wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ ti dé iwájú, pẹ̀lú fáànù iná àti páìpù gígùn. Volkswagen ṣe ìpinnu kan náà. Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀ kò ní rédíétọ̀ rárá, fáànù ńlá tí ẹ́ńjìnì ń yí ló ń fi tipátipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lára. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà wá bọ́ sórí omi nínú bọ́ọ̀sì T3 lẹ́yìn 1980, ẹ́ńjìnì kò kúrò lẹ́yìn, rédíétọ̀ bọ́ síwájú. Nígbà tí Kombi ti Brazil bọ́ sórí omi ní ìparí 2005, iwájú ni wọ́n gbé tirẹ̀ sí, ojú dúdú tó yọ sí i yẹn ni a fi ń dá a mọ̀. Ká tún wá wo Porsche 911. Nígbà tí àwòṣe 996 fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ tó mú omi nígbà tí 1997 ń parí lọ, àwọn onímọ̀ tó ti ń fi ẹ́ńjìnì sí ìdí ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọn kò sì bẹ̀rù ẹrù ẹ̀yìn, gbé rédíétọ̀ sí igun méjèèjì iwájú, wọ́n sì fa páìpù gba abẹ́ ọkọ̀. Bí rédíétọ̀ ẹ̀yìn bá ní èrè tirẹ̀ láìsí wàhálà, ta ni ì bá yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ bí kò ṣe àwọn wọ̀nyí?

Àwọn tó fara mọ́ rédíétọ̀ ẹ̀yìn ní ẹ̀rí tiwọn, kò sì yẹ ká fojú tín-ín-rín wò ó. Èyí tó lágbára jù níbẹ̀ kò ti ara mọ́tò wá. Bàálù ogun P-51 Mustang, tó kọ́kọ́ fò ní 1940, gbé rédíétọ̀ rẹ̀ sábẹ́ ikùn, lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ jókòó sí, ó sì wà lára àwọn bàálù tí afẹ́fẹ́ kì í fà sẹ́yìn púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ní 1935, F. W. Meredith ti Royal Aircraft Establishment ní Farnborough ti ṣàlàyé ìlànà tó wà nídìí rẹ̀. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹnu kékeré wọlé. Jẹ́ kí ọ̀nà náà máa gbòòrò títí dé ojú rédíétọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè rọra rìn, kí ó sì gba ooru dáadáa. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ọ̀nà tún fún, kí afẹ́fẹ́ tó ti gbóná tó ti wú tú jáde pẹ̀lú agbára sẹ́yìn. Ohun tó tú jáde yẹn ń san díẹ̀ padà nínú gbèsè tí rédíétọ̀ jẹ. Mọ́tò kò sáré tó kí ó rí èrè ìtúsẹ́yìn yẹn gbà ní iye tó ṣe é fọ́nnu, ṣùgbọ́n ìrísí ọ̀nà náà ṣì jẹ́ òótọ́ fún un: ẹnu kékeré, ikùn ńlá, ìjáde tó fún. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó lè ya rédíétọ̀ Mustang sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n.

Nínú ìje mọ́tò, Lotus 72 ti 1970 ló yí ojú ayé padà. Colin Chapman àti Maurice Philippe mú rédíétọ̀ kúrò ní imú, wọ́n pín in sí méjì, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ níwájú táyà ẹ̀yìn. Imú ọkọ̀ wá di pẹlẹbẹ bí ẹnu àáké, páìpù gbígbóná kò gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ mọ́, ẹrù sì bọ́ sí ibi tí táyà ẹ̀yìn ti lè lò ó. Jochen Rindt gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú ní Monza kí ìdíje tó parí. Emerson Fittipaldi ọmọ Brazil gbà á ní 1972. Láti ìgbà náà ni rédíétọ̀ ẹ̀gbẹ́ ti di àṣà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni mo ní, n kò ní ìdí ọkọ̀. Àárín ọkọ̀ ni wọ́n wà, ojú wọn sì kọ síwájú sí afẹ́fẹ́ tí nǹkan kan kò tíì dí lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ferrari Testarossa ti 1984. Ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ní rédíétọ̀ níwájú àti ẹ́ńjìnì lẹ́yìn, páìpù tó so wọ́n pọ̀ sì ń mú inú ọkọ̀ gbóná débi pé àwọn olówó tó rà á ń ráhùn. Ferrari gbé rédíétọ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́, inú ọkọ̀ tutù, àyè ẹrù yọ níwájú. Owó tí wọ́n san fún un hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀ náà: ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì, 1,976 mìlímítà, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì di ọ̀nà afẹ́fẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lamborghini ti rí ẹ̀kọ́ kan náà gbà ṣáájú wọn. Countach tí wọ́n fi han aráyé ní Geneva ní 1971 mọ́ tónítóní lójú, ó sì ń gbóná. Èyí tí wọ́n wá ń tà láti 1974 ti gbé àpótí afẹ́fẹ́ lé èjìká, wọ́n sì ti gé ihò ńlá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹwà tó bà jẹ́ níbẹ̀ ni iye tí afẹ́fẹ́ gbà.

Bí a bá ń wá ọkọ̀ tó ṣe ohun tí àwọn atúnmọ́tòṣe ń fẹ́ ṣe gan-an, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà níwájú tí a gbé rédíétọ̀ rẹ̀ lọ sí ìdí nítorí ẹrù, Audi Sport quattro S1 E2 ti 1985 ni. Ẹ́ńjìnì Audi náà gùn, orí rẹ̀ yọ kọjá táyà iwájú, nítorí náà imú ọkọ̀ wúwo, kì í fẹ́ yà nígbà tí awakọ̀ bá yí ọwọ́. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ kó rédíétọ̀, fáànù àti ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná lọ sẹ́yìn. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́: Walter Röhrl fi ọkọ̀ náà gba ìdíje Sanremo lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n Timo Salonen pẹ̀lú Peugeot 205 Turbo 16 ló gba ife àgbáyé, ọkọ̀ tó kéré tó sì gbé ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ sí àárín. Èmi kò rí ẹ̀rí tó tún ju èyí lọ lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ẹrù. Ilé-iṣẹ́ tó lówó, tó ní awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n wà, kó gbogbo ohun tó ṣeé kó lọ sẹ́yìn, ó sì sàn díẹ̀. Ìṣòro tó wà nídìí ẹ́ńjìnì kò ṣeé fi rédíétọ̀ yanjú.

Ìṣirò náà kò ṣòro. Ká ní rédíétọ̀, omi inú rẹ̀ àti fáànù rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 15, ká ní ó rin mítà 3.5 láti imú dé búùtù, nínú ọkọ̀ tí àlàfo táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.5. Ẹrù tó kúrò lórí táyà iwájú ni 15 lọ́nà 3.5, tí a pín sí 2.5, èyí tó jẹ́ kílógíráàmù 21. Ọkọ̀ tó wúwo tó kílógíráàmù 1,200, tí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù rẹ̀ wà níwájú, yóò bọ́ sí nǹkan bí 53. Ìyẹn dára, awakọ̀ ìje lè mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 32 ń gba omi tó lítà 0.8 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Mítà mẹ́ta lílọ, mẹ́ta bíbọ̀, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà márùn-ún. Fi ìwọ̀n páìpù kún un, ọkọ̀ ti wúwo sí i ní nǹkan bíi kílógíráàmù mẹ́jọ kí a tó ka irin ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ẹ wá fi bátìrì wé e. Bátìrì olójé wúwo tó kílógíráàmù 15 sí 20, wáyà nínípọn kan ṣoṣo sì tó láti gbé e dé búùtù, kò ní jò, kò ní sè. Ẹni tí kò tíì gbé bátìrì rẹ̀ tó ń gbèrò rédíétọ̀ ń fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣe iwájú. Nǹkan mìíràn tún wà tí ìṣirò táyà kì í fi hàn. Ohun tó wúwo ní ìpẹ̀kun ọkọ̀, ìbáà ṣe imú tàbí ìdí, ń mú kí ọkọ̀ lọ́ra láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó sì tún ń mú kí ó lọ́ra láti dá yíyí dúró; ẹni tó bá na apá gbọọrọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ tó fẹ́ yí padà kíá mọ bó ṣe ń rí. Gbígbé rédíétọ̀ láti ìpẹ̀kun kan sí ìkejì kò yanjú èyí. Àárín ni yóò ti yanjú, ibi tí Lotus gbé e sí.

Àtakò tí a máa ń gbọ́ jù ni pé àwọn ọkọ̀ ìje oníyọ̀ọ́, àwọn tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn nínú èéfín táyà, ń gbé rédíétọ̀ sínú búùtù, wọ́n sì ń gba ipò kìíní. Òótọ́ ni. Ẹ wo ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn ọkọ̀ méjì ń lé ara wọn ní ìfarakínra, imú èyí tó wà lẹ́yìn ń gbá èyí tó wà níwájú, rédíétọ̀ iwájú tó bá sì fọ́ ni òpin ìje ọjọ́ yẹn. Tọ́bò ńlá tún nílò àyè níwájú ẹ́ńjìnì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, eré kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Omi inú páìpù gígùn yẹn fúnra rẹ̀ ń gba ooru pamọ́ títí eré yóò fi parí, fáànù á sì máa fẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró dè èkejì. (Àwọn ọkọ̀ Top Fuel ti Amẹ́ríkà tilẹ̀ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: wọn kò ní rédíétọ̀ rárá, nítorí eré wọn parí kí ooru tó di ọ̀rọ̀.) Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ìje aṣálẹ̀ Baja náà ń gbé rédíétọ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì ń fi wákàtí púpọ̀ sáré, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tiwọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, rédíétọ̀ ga sókè lẹ́yìn orí ọkọ̀, fáànù ńláńlá ń fà á, òkúta àti ẹrẹ̀ tí ìbá fọ́ ọ níwájú kò sì bá a. Kò sí èyí nínú wọn tó gbé rédíétọ̀ nítorí pé ẹ̀yìn tutù ju iwájú lọ.

Àwọn mìíràn á ní fáànù lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ Brabham BT46B ti 1978 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Gordon Murray tẹ́ rédíétọ̀ lélẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì, ó fi fáànù ńlá sí ìdí ọkọ̀, Niki Lauda sì fi í gba Grand Prix ilẹ̀ Sweden ní Anderstorp pẹ̀lú àlàfo tó ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ. Ṣùgbọ́n ìtutù kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ náà sáré. Fáànù yẹn ń fa afẹ́fẹ́ kúrò lábẹ́ ọkọ̀ tó fi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Rédíétọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n lè sọ pé ìtutù ni iṣẹ́ fáànù náà, ọkọ̀ náà kò sì tún sáré ìje mìíràn nínú ìdíje àgbáyé lẹ́yìn ìyẹn. Ní ti fáànù iná tí à ń lò sínú mọ́tò lásán, kò gba agbára púpọ̀, méjì kò tó agbára ẹṣin méjì. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò lè rọ́pò afẹ́fẹ́ tí ìrìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń tì nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, nígbà tí ooru sì pọ̀ jù. Bọ́ọ̀sì ńláńlá tí ẹ́ńjìnì wọn wà lẹ́yìn ti gba èyí mọ́ra. Rédíétọ̀ wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ ìdí, ó tóbi, fáànù rẹ̀ tóbi, agbára tó ń jẹ kì í ṣe kékeré, wọ́n sì ń gbà á nítorí àyè èrò ni wọ́n ń wá, kì í ṣe eré.

Ó tọ́ ká sọ òdodo lórí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan ní Ọ̀jọ̀tá, afẹ́fẹ́ ìrìn kò sí fún ẹnikẹ́ni. Rédíétọ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, fáànù ni méjèèjì gbójú lé. Àwọn tó ní rédíétọ̀ ẹ̀yìn kò tíì pàdánù níbi yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń pàdánù ni omi. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá rọra ń yí, pọ́ǹpù tí ó ń wà náà ń rọra yí, ó sì ní láti ti omi gba mítà mẹ́fà páìpù tó ní igun púpọ̀. Atẹ́gùn tó bá há sí ibi tó ga nínú páìpù kò rí ọ̀nà jáde, yóò sì máa dí omi lọ́wọ́. Nígbà tí rédíétọ̀ bá ga ju ẹ́ńjìnì lọ nínú búùtù, ibẹ̀ ni ìkòkò omi gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ibi tí ilé-iṣẹ́ fi í sí níwájú. Ìdérí rédíétọ̀ ló ń jẹ́ kí omi lè kọjá dígírì 100 láìhó, nítorí ó ń há a mọ́. Gbogbo ojú ìsopọ̀ tuntun lórí páìpù jẹ́ ibi tí ìhámọ́ yẹn lè gbà sá. Bí páìpù náà bá sì gba inú ilé ọkọ̀, omi tó gbóná ju omi híhó lọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Mo ka èyí sí ìdí tó tó fúnra rẹ̀ láti má ṣe é nínú ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ní ó nílò rédíétọ̀ ẹ̀yìn ni rédíétọ̀ iwájú rẹ̀ kò tíì rí ìtọ́jú rí. Eruku àti kòkòrò ti dí ojú rẹ̀. Rọ́bà tí ilé-iṣẹ́ fi dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti já, afẹ́fẹ́ sì ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá dípò kí ó gba àárín. Ẹnìkan ti yọ tẹ́mósítáàtì sọnù nítorí ó gbà pé ó ń mú ọkọ̀ gbóná. Ìbòrí fáànù ti fọ́. Afẹ́fẹ́ tó wọlé gan-an kò rí ibi jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ó há síbẹ̀, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì rí ọ̀nà wọlé. Ihò tó dára lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn rédíétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ orí ọkọ̀ ti fẹ́lẹ́, máa ń ṣe fún ọkọ̀ ìje lásán ohun tí mítà mẹ́fà páìpù kò lè ṣe.

Fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìje nìkan, tí imú rẹ̀ ń gbá nǹkan, tí ẹ́ńjìnì tàbí tọ́bò ti gba àyè iwájú, tí eré rẹ̀ sì kúrú, mo gbà pé rédíétọ̀ ẹ̀yìn lè tọ́ sí i. Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná ju rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó hàn gbangba àti omi tí a pa láró lọ, ó sì yẹ kí ó ṣáájú ọ̀bẹ irin. Ká rọ rọ́bà náà bí ìkọ́, ká bu omi sí i, ká sì gbé ẹnu kan sí ibi tí à ń gbèrò pé afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, ẹnu kejì sí ibi tí yóò gbà jáde. Ní ìwọ̀n kìlómítà 100 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ tó bá dúró pa níwájú ọkọ̀ lágbára tó láti ti omi sókè ní nǹkan bíi mìlímítà 47. Bí omi inú rọ́bà bá fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ láàárín apá méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà yọrí. Bó bá jẹ́ mìlímítà márùn-ún ló yàtọ̀, tàbí tó jẹ́ pé apá ibi ìjáde ni afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ sísàlẹ̀, kí rédíétọ̀ náà dúró síbi tó wà.